Bátìrì kú láàárín iṣẹ́: báwo la ṣe ń dáàbò bo brainbox ọkọ̀ nígbà tí a bá ń kọ ètò tuntun sí i?

Réwáyà Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ yìí, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti gba fìríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n kò tíì pé ọdún kan tí mo ra ẹ̀rọ tí mo fi ń kọ ètò tuntun sínú brainbox, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo fẹ́ gbé síwájú yín, nítorí láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti kun ojú mi.

Oníbàárà mi kan gbé Volkswagen Passat ọdún 2008 wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi wà lójú kan, nítorí ẹni tó ni ín rin ìrìn àjò. A fi wáyà fa iná láti ara bátìrì ọkọ̀ mi, a kíìkì í, ó gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bí mo ṣe pa á ni mo fi mítà wọn bátìrì rẹ̀. Mo rí fóltì 12.5, mo sì sọ lọ́kàn mi pé bátìrì yìí ṣì dára.

Mo yí kọ́kọ́rọ́, mo so ẹ̀rọ mi mọ́ ojú OBD, ihò tí a ti ń bá brainbox sọ̀rọ̀, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìdá 8 nínú 100, fáànù rádíétọ̀ méjèèjì gbéra, wọ́n ń hó bí ìgbà tí ọkọ̀ bá gbóná lójú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì náà ti tutù. Mo rò pé yóò dúró, kò dúró. Ní ìdá 61, iná dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo ń gbọ́ tí réléè ń dún ká-ká-ká nínú àpótí fíúùsì, ẹ̀rọ mi sì kọ ọ́ sójú láptọ́ọ̀pù pé òun kò gbọ́ ohùn brainbox mọ́. Mo fi mítà kan orí bátìrì, mo rí 10.9. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kò gbà mọ́.

Mo ní ṣájà kan ní ṣọ́ọ̀bù, irú èyí tí àwọn tó ń ṣájì bátìrì lẹ́bàá ọ̀nà ń lò, tó ní bọ́tìnì fún ṣíṣájì díẹ̀díẹ̀ àti èyí tí a fi ń kíìkì. Ẹnì kan ní kí n máa gbé e lé bátìrì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ ètò. Ẹlòmíràn ní bí mo bá dán an wò, n ó jó brainbox olówó olówó. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì? Kí sì ni ẹ̀yin gan-an ń ṣe tí bátìrì kì í fi í já yín kulẹ̀?

Àgbà Réwáyà, Mushin:

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́, mo bá ọ kẹ́dùn. Má tíì tú brainbox náà kúrò nínú ọkọ̀, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta òmíràn fún ọ ní ọjà Ládípọ̀ títí o ó fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán, nítorí ó ṣeé ṣe dáadáa kí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ má tíì kú.

Ibi tí ètò ọkọ̀ wà nínú brainbox dà bíi wàláà ọmọ ilé kéú. Ẹ̀rọ kì í kọ ètò tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ojú wàláà náà mọ́, lẹ́yìn náà ni yóò máa kọ ọ́ ní abala abala, tí yóò sì ṣírò gbogbo rẹ̀ níparí láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ pé. Bí iná bá ṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́, tí a kò sì tíì kọ ọ́ tán, ẹ́ńjìnnì kò lè gbà, nítorí ohun tí brainbox ì bá kà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n igun kékeré kan wà tí a kì í sábà fọ̀, níbi tí ìmọ̀ tí brainbox fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ojú OBD, tó sì fi ń gba ètò, wà. Bí igun yẹn bá ṣì wà, ṣájì bátìrì náà kún, gbé iná tó dúró lójú kan lé e, kí o sì tún ìkọ̀wé náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ní àyè fún irú àtúnbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi bí kò bá dáhùn rárá la tó ń tú brainbox wá sórí tábìlì, tí a ń ṣí i, tí a sì ń bá a sọ̀rọ̀ láti inú, ìyẹn sì gba ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ohun tó tàn ọ́ jẹ ni 12.5 tí o rí. Bátìrì tí alternator (ẹ̀rọ tó ń ṣájì bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́) ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iná sí lára dà bí akèrègbè ẹmu tí ìfófòó bò lẹ́nu. Ẹni tó bá wò ó láti òkè yóò rò pé ó kún. Kí o tó gba ohun tí mítà sọ gbọ́, tan iná iwájú ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì, pa á, jẹ́ kí bátìrì sinmi díẹ̀, kí o tó wọ̀n ọ́n. Bátìrì tó kún tó sì sinmi kì í dín ní 12.6. Bí o bá rí 12.4, bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti lọ. Bí o bá rí 12.2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, 12.0 kò sì yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Ogún ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ lójú kan kò lè dá ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ padà.

Èkejì ni pé o fi kíìkì dá bátìrì lẹ́jọ́. Lóòótọ́, kíìkì ń fẹ́ iná púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré ni. Ìkọ̀wé ètò ń fẹ́ iná fún ìgbà pípẹ́, láìsí alternator tí yóò máa dá a padà, nítorí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́. Fáànù tó ń hó yẹn kò ṣèèṣì gbéra. Brainbox ló ń darí rẹ̀, nígbà tí brainbox bá sì dákẹ́ nítorí pé a ń kọ ètò sí i, àwọn ọkọ̀ kan, tí Volkswagen wà lára wọn, máa ń sá fáànù sí ibi tó le jù láti fi dáàbò bo ẹ́ńjìnnì. Fáànù méjì nìkan lè mu 30 áńpì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì áńpì-wákàtí 60 tó ti dàgbà, tí kò sì kún tẹ́lẹ̀, ibo ni yóò ti rí i?

Ní ti ṣájà rẹ, ẹni tó ní kí o má gbé e lé e ló sún mọ́ òtítọ́ jù. Iná NEPA máa ń lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣájà àtijọ́ tí kò ní ohun tó ń mú iná tẹ́jú sì máa ń ti í sínú bátìrì ní ìtì-ìtì, ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bátìrì tó le yóò gba ìtì-ìtì náà mọ́ra, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbó kò lè gbà á tán, yóò sì dé ọ̀dọ̀ brainbox. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá wá fọwọ́ kan bọ́tìnì kíìkì, fóltì lè fò kọjá 15. Ṣájà ìgbàlódé tó ń dá ronú náà kò tó: àwọn kékeré inú wọn kì í fúnni ju 4 tàbí 5 áńpì lọ nígbà tí ọkọ̀ ń mu 30, bí ó bá sì rò pé bátìrì ti kún, ó lè dín iná kù, tàbí kó máa fi fóltì gíga gún bátìrì láti tún un ṣe, láìmọ̀ pé ẹnì kan ń kọ̀wé lọ́wọ́.

Ohun tí iṣẹ́ wa ń fẹ́ ni power supply, ẹ̀rọ tó ń sọ iná NEPA di iná tí ọkọ̀ ń lò, tó dúró ní nǹkan bíi 13.5 fóltì, yálà ọkọ̀ ń mu 5 áńpì tàbí 50. Ṣájà ń tọ́jú bátìrì. Power supply ń tọ́jú ọkọ̀. Orúkọ wọn lè jọ lẹ́nu àwọn tó ń tà á, nítorí náà béèrè dáadáa kí o tó sanwó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, London:

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Ohun tí ọ̀gá wa ní Mushin sọ nípa fáànù jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Nígbà tí àṣírí tú síta pé Volkswagen fi ètò inú brainbox tan àwọn tó ń wọn èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wọn jẹ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.2 ọkọ̀ ló kàn ní Britain níbí, àtúnṣe tó sì wà fún ẹ́ńjìnnì lítà 2.0 kò ju ètò tuntun tí a kọ sínú brainbox lọ, iṣẹ́ bí ìdajì wákàtí. Mo wà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe é nígbà náà. Ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ la ń ṣe láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, síbẹ̀ kò sí èyí tí wọ́n gbà kí a so láptọ́ọ̀pù mọ́ kí power supply tó wà lórí bátìrì rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé oníǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bátìrì náà lánàá. Nígbà yẹn mo rò pé àṣejù ni. Ní báyìí tí mo ti rí BMW tí ìkọ̀wé ètò sínú gbogbo àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí, mo mọ̀ pé kì í ṣe àṣejù.

Ohun kan tí mo fẹ́ fi kún un ni ibi tí a ń gbé ẹ̀mú wáyà power supply sí, pupa fún pọ́sítíìfù, dúdú fún nẹ́gẹ́tíìfù. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun, àpótí pẹlẹbẹ kan wà lórí ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì tó ń ka iye iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú dúdú há ẹnu bátìrì gan-an, iná yóò gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ìṣirò rẹ̀ yóò sì dàrú. Irin ara ọkọ̀, níbi tí a yà sọ́tọ̀ fún kíìkì, ni kí ẹ fi ẹ̀mú dúdú há. Lára àwọn BMW àti Benz tí bátìrì wọn wà nínú búùtù, ibi tí a ń gbé ẹ̀mú pupa sí sábà máa ń wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Ẹ má sì gbàgbé láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀. Mo ti rí ibi tí bátìrì ọkọ̀ wà ní 13.5 ṣáká, tí láptọ́ọ̀pù sì sùn lọ nítorí pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ pa oorun rẹ̀, ẹ pa àtúnṣe tó ń dá bẹ̀rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì lo wáyà dípò Bluetooth.

Réwáyà Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín ní òye. Mo ti gbé bátìrì Passat náà sórí ṣájà láti àná, lọ́tọ̀, láìsí nínú ọkọ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé mi ò tíì lówó power supply 50 áńpì lọ́wọ́ báyìí, bẹ́ẹ̀ sì ni iná NEPA àdúgbò wa kì í dúró fún wákàtí méjì. Ṣé mo lè fi wáyà so ọkọ̀ mi tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn, kí alternator tèmi máa fún un níná? Tàbí kí n lo jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù?

Mẹkáníìkì Obìnrin, Ìbàdàn:

Ẹ má so ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Iná alternator kì í dúró lójú kan. Ó ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ìyára ẹ́ńjìnnì, bí ẹ̀mú kan bá sì yọ̀ láàárín iṣẹ́, fóltì lè fò sókè lójijì ju ohun tí brainbox lè fara dà lọ.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. 13.5 fóltì nígbà 50 áńpì jẹ́ 675 wáàtì, power supply pàápàá sì máa ń jẹ díẹ̀ nínú ohun tó ń gbà, nítorí náà yóò fa bí 800 wáàtì láti ara jẹnẹrétọ̀. Kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí I-pass-my-neighbour kò lè gbé e láì kérora, bí epo bá sì tán nínú rẹ̀ ńkọ́? Ínfátà ilé ló dára jù fún wa ní ìhà ibí, nítorí bí NEPA bá mú iná lọ, power supply lè má mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ohun yòówù kí ẹ lò, bátìrì inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kún fúnra rẹ̀, nítorí òun ni yóò gbé iṣẹ́ náà bí gbogbo nǹkan ìyókù bá kọṣẹ́.

Kí n tó ra tèmi, bátìrì méjì ni mo máa ń lò. Iná bátìrì tẹ́jú, kò ní ìtì-ìtì kankan, NEPA kò sì lè mú un lọ. Mo máa ń ṣájì èyí tó wà nínú ọkọ̀ àti òmíràn tó bá a dọ́gba, n ó jẹ́ kí wọ́n sun mọ́jú, n ó wọn méjèèjì, kí n tó fi wáyà tó nípọn so pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù àti nẹ́gẹ́tíìfù mọ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Bí ọkọ̀ bá ń mu 40 áńpì, bátìrì kọ̀ọ̀kan kò ní ru ju 20 lọ. Ní ìdajì wákàtí, ìyẹn jẹ́ áńpì-wákàtí 10 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bátìrì 60 tó le kò ní mọ̀ ọ́n lára. Bátìrì tokunbo tí wọ́n kọ 60 sí lára, tó sì lè jẹ́ pé 25 ló kù nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí mò ń sọ o. Ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó lò ó: ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kíìkì ọkọ̀ nígbà tí mítà yín wà lórí rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ju 9.6 lọ, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nínú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí Toyota ń kọ sí àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ gbangba pé fóltì bátìrì kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju 11.4 lọ nígbà tí ìkọ̀wé bá ń lọ, kí a sì pa rédíò, AC àti iná gbogbo. Lọ́wọ́ tèmi, 12.0 ni ààlà. Bí mítà bá ti ń sún mọ́ ọn kí n tó bẹ̀rẹ̀, n kò ní bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ń ṣe Prius tàbí Camry Hybrid, àwọn ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, má sì gbójú lé bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ kò bá sí ní ipò READY (ìgbà tó ti ṣetán láti rìn), bátìrì ńlá yẹn kò fún bátìrì kékeré 12 fóltì níná, bátìrì kékeré náà nìkan ló ń ru gbogbo ẹrù.

Àgbà Réwáyà, Mushin:

Ọmọ mi ní Ìbàdàn, o ṣeun. Ìkìlọ̀ kan ni mo fẹ́ fi sí ọ̀rọ̀ bátìrì méjì yẹn. Bí ọ̀kan bá wà ní 12.7, tí èkejì wà ní 12.0, ní kété tí ẹ bá so wọ́n pọ̀, èyí tó kún yóò da iná sínú èyí tó ṣófo, wáyà yóò gbóná, èyí tó kún náà yóò sì rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò gbọdọ̀ ju 0.1 lọ. Àbúrò mi ní Abẹ́òkúta, fi omi gbígbóná fọ ìyẹ̀fun funfun tó wà lẹ́nu bátìrì, kí o sì fún un le. Wọn iná lórí bátìrì, kí o tún wọ̀n ọ́n lójú fíúùsì tó ń fún brainbox níná, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní títàn. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ju bíi 0.3 lọ, wáyà tàbí ẹnu bátìrì ló ń jẹ iná rẹ, bátìrì tuntun kò sì ní wo ìyẹn sàn.

Réwáyà Abẹ́òkúta:

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ṣe é lówùúrọ̀ òní. Bátìrì Passat dé 12.7 lẹ́yìn tó sun mọ́jú, èyí tí mo yá lọ́wọ́ aládùúgbò mi wà ní 12.65. Ìyẹ̀fun wà lẹ́nu nẹ́gẹ́tíìfù lóòótọ́. Kí n tó fọ̀ ọ́, ìyàtọ̀ láàárín bátìrì àti fíúùsì jẹ́ 0.6, lẹ́yìn tí mo fọ̀ ọ́ tí mo sì fún un le, ó di 0.1.

Brainbox náà dáhùn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo gbé mítà sórí dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi, n kò sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ní ìdá 8, fáànù gbéra bíi ti ọjọ́sí, mítà bọ́ láti 12.5 sí 12.3, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n nígbà tó dé ìdá 61. Ó kọjá. Ìṣẹ́jú 23 ni gbogbo rẹ̀ gbà, ibi tó sì lọ sílẹ̀ sí jù ni 12.1. Nígbà tó parí, fáànù dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo kíìkì í, ẹ́ńjìnnì gbà ní ẹ̀ẹ̀kejì.

Oníbàárà mi ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ, pẹ̀lú bátìrì tuntun tí mo ní kí ó rà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àjọ kan fún power supply 60 áńpì. Kó tó pé, bátìrì méjì ni n ó máa lò, pẹ̀lú mítà níwájú mi.